Oríkèé Àgbọ̀n

Oríkèé tó ń gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà níwájú etí. Fi ìka kàn án, kí o lanu: wàá gbọ́ ọ tó ń yí. Ẹni tí ọ̀kadà dà nù ní Ìjù l'Ọ́tà, tó fi àgbọ̀n balẹ̀, ojú ibẹ̀ nìkan ni yóò máa tọ́jú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bá etí gan-an ni egungun lè ti ṣẹ́. Eyín ló ń tú u fó: tòkè àti tìsàlẹ̀ kò ní bára mu mọ́. Ẹsẹ̀ ṣe é fi igi dì, àgbọ̀n kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, eyín ni dókítà ń fi wáyà so pọ̀ (ẹ̀kọ mímu dé nìyẹn!). Tí wọ́n bá tú wáyà náà, aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lanu dáadáa lójoojúmọ́, kí oríkèé má baà gan.