Ìwọ̀n Ọta Ìbọn àti Ẹran tí Ọdẹ Ń Pa

Ọta ni ohun líle tí ẹ̀tù ń tì jáde láti ẹnu ìbọn. Nínú iṣẹ́ ọdẹ, ìwọ̀n ọta gbọ́dọ̀ bá ẹran tí a fẹ́ pa mu. Ọta tí ó fúyẹ́ jù yóò kàn dá ọgbẹ́ sí ẹran ńlá lára ni. Ẹran náà lè sá lọ kú sí ibi tí ọwọ́ kò ti ní tó o, tàbí kí ó yíjú padà sí ọdẹ, bí ẹfọ̀n ti máa ń ṣe. Ọta tí ó wúwo jù, ẹ̀wẹ̀, yóò fọ́ ẹran kékeré yángá, kò sì ní ku ohun tí a lè jẹ tàbí tà.

Ohun méjì ni a ń gbé yẹ̀ wò: eré àti ìwúwo. Bí ẹ̀tù bá jẹ́ iye kan náà, ọta tí ó fúyẹ́ a máa yára jáde ju èyí tí ó wúwo lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tètè ń dín eré rẹ̀ kù. Èyí tí ó wúwo kì í tètè dúró. A máa la awọ àti egungun kọjá dé ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ọdẹ tí ń lo ṣakabùlà ni ó ń pinnu èyí fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ki ìbọn. Fún àparò, ẹtù àti ọ̀yà, ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó yẹ, nítorí pé wọ́n ń fọ́n ká. Fún ẹtu, ọta a tóbi díẹ̀ sí i. Fún àgbọ̀nrín àti ìmàdò, ọta ńláńlá mélòó kan ni. Ìlànà yìí náà ni a fi ń ṣe ọta inú kátíríìjì. Ní ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà, fífẹ̀ ọta nọ́ńbà 6 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2.8, ti 00 jẹ́ mìlímítà 8.4.

Ọta kan ṣoṣo ni ráífù ń yìn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìwúwo ọta yẹn ni a ń ṣírò. Gíréènì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Gíréènì 1 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.065. Ọta .22 tí ó jẹ́ gíréènì 40 tó fún ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú ìbọn .30-06, gíréènì 150 tó fún ẹran tí ó tó àgbọ̀nrín. A sì máa ń lo 180 fún èyí tí ó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta .375 H&H, tí ó jáde ní 1912, sábà máa ń jẹ́ gíréènì 300, ó sì lókìkí fún ẹfọ̀n. Síbẹ̀, ìwúwo ọta kò lè ṣe àtúnṣe ìbọn tí a yìn sí ibi tí kò yẹ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ àmì ohùn nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ: ẹtu jẹ́ ẹran, ẹtù jẹ́ ẹyẹ, ẹ̀tù sì ni a ń rọ sínú ìbọn. Nínú ìjálá pẹ̀lú, oríkì ẹranko a máa sọ títóbi rẹ̀, ìrísí rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Ìmọ̀ ẹran bẹ́ẹ̀ náà ni ọdẹ fi ń yan ọta.