Wákàtí Mẹ́jọ ní Bàhíà

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ni a fẹ́ fi ètò tònìí sọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi di ọ̀rọ̀ ìtàn mọ́ wa lọ́wọ́.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún títí di oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn ń mú ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá a máa gbé àwọn arìnrìn-àjò káàkiri àwọn èbúté ibẹ̀. Tọkọtaya pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu. Ìlú tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ní òwúrọ̀, yóò tún ṣí kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yà sí ni Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, bóyá ni yóò rí ju wákàtí mẹ́jọ lọ kí fèrè ọkọ̀ tó dún.

Ẹ jẹ́ kí a ní ìdílé Yorùbá kan ni, tí wọ́n ń gbé ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì mú àwọn ọmọ wọn dání. Kí ni kí wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ náà wò? Kí ni kí baba ọmọ sọ fún ọmọ rẹ̀? Ìbéèrè náà kò kéré, nítorí pé ojú ọ̀nà tí àwọn amọ̀nà ń mú àlejò gbà níbẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa gbà wọ ìlú náà. Ọkọ̀ òkun ni ó gbé tiwọn náà dé. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ìtàn náà tán fún àlejò.

Etí omi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1501 ni ọkọ̀ àwọn Potogí wọ apá òkun tí ó ya wọ ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọjọ́ náà, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, sọ omi náà. Ní ọdún 1549, Tomé de Sousa dé láti wá tẹ ìlú dó fún ọba wọn. Ìlú náà ni ó jẹ́ olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ Bràsíìlì títí di ọdún 1763, tí wọ́n gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Àwọn ará Họ́lándì gbà á ní ọdún 1624, a sì lé wọn jáde ní ọdún kejì.

Ìlú méjì ni Salvador. Ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá òkun, níbi tí èbúté àti ọjà wà. Ìkejì wà lórí òkè gàgàrà, níbi tí gómìnà, àwọn àlùfáà àti àwọn olówó kọ́lé sí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó bá ti ìsàlẹ̀ dé òkè, orí ẹrú ni ó gbà dé ibẹ̀. Àwọn olówó pàápàá kì í fẹsẹ̀ gun òkè náà. Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí, tí ẹrú méjì yóò gbé wọn lé èjìká. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1830, ọ̀pọ̀ àwọn alábàárù wọ̀nyí jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ tí ó fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ẹrú ṣírò rẹ̀ pé tó nǹkan bí 1,500,000 ènìyàn ni a gbé láti ilẹ̀ Áfíríkà dé Bàhíà nìkan. Àwọn ará Àǹgólà àti ti ilẹ̀ mìíràn wà nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́, tí Òwu tú, tí ogun Ìlọrin ń jà, àwọn tiwa ni ó wá ń kún ọkọ̀. Wọ́n ń kó wọn gba Àjàṣẹ́, Badagry, Èkó àti Ouidah lọ. Tábà tí a lọ́ bí okùn, tí a fi oje ìrèké pa lára, ni àwọn ará Bàhíà fi ń rà wọ́n jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé tábà yìí. A ó tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí àlejò máa ń kọ́kọ́ yà sí bí ó bá kúrò ní èbúté ni ọjà tí wọ́n ń pè ní Mercado Modelo. Ọjà iṣẹ́ ọnà ni. Àwọn kan yóò mú àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé náà, níbi tí omi ti máa ń sun wọlé, wọn yóò ní inú rẹ̀ ni wọ́n ń de àwọn ẹrú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́. Omijé a sì máa bọ́ lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nígbà wo ni wọ́n kọ́ ilé náà? Ọdún 1861 ni, fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọdún 1971 ni ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ inú rẹ̀. Ọdún 1850 sì ni òfin tí ó rí ọwọ́ mú ti fòpin sí kíkó ẹrú gba òkun wá sí Bràsíìlì. Èmi kò rí bí ilé tí a ṣí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ṣe lè jẹ́ àhámọ́ àwọn tí a kò kó wá mọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bínú sí mi pé mo ń gba ìtàn lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi kò gba ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn wa ní ìlú yìí pọ̀ tó láìsí àbùmọ́, a sì mọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Òkè ni kí a gbà lọ.

Ẹ̀rọ kan wà tí ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí òkè. Elevador Lacerda ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1873 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72. Ibi tí alábàárù ti ń làágùn fún ìdajì wákàtí, kí àlejò tó mí dáadáa ó ti dé òkè. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ojúde ìlú ni ènìyàn bọ́ sí. Òkun tẹ́ rẹrẹ ní ìsàlẹ̀, ó lẹ́wà púpọ̀, àwọn ọmọ yóò sì sáré lọ sí etí rẹ̀, kí a lè ya wọ́n ní fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn òbí wọn ti dúró, kí wọ́n kẹ̀yìn sí òkun, kí wọ́n wo ilé tí ó dojú kọ wọ́n. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni.

Ní ọdún 1835, ẹ̀wọ̀n wà ní abẹ́ ilé náà. Arúgbó ọmọ Nàgó kan wà nínú rẹ̀. Pacífico ni orúkọ tí wọ́n fún un nínú oko ẹrú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é ní Licutan. Bìlálì ni orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, nítorí àfáà ni láàárín wọn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní etí omi ni kí ó máa lọ́ tábà. Kò jalè, kò sì pànìyàn. Olówó rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, ni àwọn tí ó jẹ lówó bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrú rẹ̀ bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àga, títí wọn yóò fi tà á ní gbàǹjo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí ti dá owó jọ láti rà á sí òmìnira, olówó rẹ̀ kò gbà. Wọ́n wá ń lọ kí i lẹ́wọ̀n, wọ́n ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn Ìmàle, tí àwọn ará Bàhíà ń pè ní Malê, ti pinnu pé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1835, nígbà tí àwọn ẹrú bá ń jáde lọ pọnmi, àwọn yóò dìde. Ọjọ́ ọdún àwọn ìjọ Àgùdà ni, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun yóò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní òde ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta sí adájọ́ kan létí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ni wọ́n bá ń wá ilé kiri. Ní Ladeira da Praça, òpópónà tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojúde yìí gan-an, wọ́n kan ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀ kan tí Manoel Calafate ń gbé. Kí wọ́n tó wọlé, ilẹ̀kùn ti ṣí, nǹkan bí ọgọ́ta ọkùnrin sì tú jáde pẹ̀lú idà lọ́wọ́.

Ibo ni wọ́n kọ́kọ́ lọ? Kì í ṣe ilé ìfowópamọ́, kì í ṣe ilé àwọn olówó wọn. Ẹ̀wọ̀n abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ ni, kí wọ́n lè yọ Licutan. Wọn kò lè já a. Àwọn wọ́dà ń yìnbọn láti inú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin gómìnà ń yìnbọn láti òdìkejì ojúde. Wọ́n bá ìjà náà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò lọ, àwọn ẹlòmíràn ń dara pọ̀ mọ́ wọn, títí tí iye wọn fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta. Àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ni ó ṣẹ́gun wọn ní etí omi, ní Água de Meninos. Idà àti ọ̀kọ̀ kò lè bá ìbọn jà ní gbangba. Ó tó nǹkan bí àádọ́rin nínú wọn tí ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún àwọn kan, wọ́n gbé igi ìsonikọ́ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ìsonikọ́ náà. Ìbọn ni wọ́n fi pa mẹ́rin nínú wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Licutan wà nínú túbú ní gbogbo òru tí wọ́n ń jà. Síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́jọ́ 1,200 pàṣán.

Èyí ni mo ní kí baba náà sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ojúde yẹn, kí wọ́n tó ya fọ́tò. Àlejò tí ó bá gbọ́ nípa ìlù, oúnjẹ àti aṣọ funfun nìkan yóò rò pé àwọn ènìyàn wa kàn gba ẹrú bẹ́ẹ̀, wọ́n ń jó. Ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ, tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn, ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bàhíà.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n yóò fi rìn dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní ọdún 1985. Àwọn ilé aláràbarà ibẹ̀ dára lójú. Pelourinho sì ni òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ nà. Òpó náà kò dúró sójú kan. Wọ́n gbé e káàkiri ojúde ìlú kí ó tó dé ibi tí orúkọ rẹ̀ mọ́ sí. Nígbà tí ìjọba tún àdúgbò náà ṣe láti ọdún 1992, ọ̀pọ̀ tálákà tí ń gbé inú àwọn ilé náà ni wọ́n kó jáde, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Gbogbo àlejò ni ó ń fẹ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1708, tí wọ́n fi wúrà bo inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, apá kan àjà rẹ̀ wó lulẹ̀, ó pa arìnrìn-àjò obìnrin kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó ṣí, bí kò ṣí, èmi yóò kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ sí èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni tí ó ti gba òmìnira, ni ó kọ́ ọ. Ọdún 1685 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àkókò tí iṣẹ́ olówó wọn bá tán ni wọ́n ń kọ́lé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn yóò gbọ́ ìlù nínú ìsìn ibẹ̀.

Ebi yóò ti máa pa àwọn ọmọ. Kí wọ́n ra acarajé lọ́wọ́ ìyá aláṣọ funfun tí ó jókòó sí igun ọ̀nà. Àkàrà ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ìpolówó ọjà ni ó bí orúkọ náà, “àkàrà jẹ”, ọmọ Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ fún un.

Ní ti àwọn ilé òrìṣà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe yà síbẹ̀ láti yọ́ ya fọ́tò láàárín wákàtí kan. Ilé tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìyá Nàsó, oyè obìnrin tí ń bójú tó Ṣàngó ní ààfin Ọ̀yọ́, ni ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bò nínú irú rẹ̀, ní ọdún 1984. Ọdún mẹ́jọ péré ṣáájú ìgbà náà, ní 1976, ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bàhíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ gbígba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó bọ òrìṣà wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kí ó padà wá ní ọjọ́ mìíràn, kí ó sùn níbẹ̀.

Fèrè yóò dún, ọkọ̀ yóò sì ṣí. Bí ọmọ bá bi baba rẹ̀ pé níbo ni àwọn Ìmàle tí kò kú já sí, kí ó sọ fún un pé a na àwọn kan, a tà àwọn kan sí ibi tí ó jìnnà, a sì lé ọ̀pọ̀ tí ó ti gba òmìnira jáde. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún náà gbé owó orí lé ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira, ó sì ní kò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe gba ìwé ìrìnnà, tí wọ́n wọkọ̀ padà sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n kọ́lé sí Pópó Àgùdà, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì ń kírun nínú rẹ̀.