Roy Romanow àti Ọ̀ràn Ilé Ìwòsàn ní Saskatchewan

Àwọn àtìpó láti Ukraine wà lára àwọn tí wọ́n sọ pápá ìwọ̀-oòrùn Kánádà di oko. Ìjọba ni ó fi ilẹ̀ fà wọ́n wá. Síbẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba yìí kan náà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sí àgọ́ ìhámọ́ bí ọ̀tá, nítorí pé abẹ́ ọba Austria-Hungary ni wọ́n ti wá. Àárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni wọ́n bí Roy Romanow sí ní ìlú Saskatoon ní 1939. Èdè Ukraine ni ó kọ́kọ́ fọ̀ nílé.

Ó kọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Saskatchewan, ó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní 1967, ó sì di Agbẹjọ́rò Àgbà ní 1971. Ní oṣù Kọkànlá 1981, nígbà tí ìjíròrò lórí òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti fẹ́ forí ṣánpọ́n, òun, Jean Chrétien àti Roy McMurtry jókòó sínú yàrá ìdáná kan ní Ottawa, wọ́n sì fìdí àdéhùn múlẹ̀. Québec kò fọwọ́ sí i títí di òní. Ọbabìnrin Elizabeth buwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1982. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, ìbò 19 péré ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi gba àga Romanow ní Saskatoon!

Ó padà sílé aṣòfin ní 1986, ó sì di olórí ìjọba Saskatchewan ní 1991. Gbèsè ni ó bá nílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ni ó dá ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, àwọn ará oko kò sì retí pé ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí ni yóò gba ilé ìwòsàn wọn. Ṣùgbọ́n ní 1993, ìjọba rẹ̀ gba ipò ilé ìwòsàn lọ́wọ́ 52 nínú àwọn tí ó wà ní ìgbèríko. Gbèsè náà kì í ṣe àwáwí, ìgbésẹ̀ náà kò sì ṣàìdun àwọn arúgbó tí ọ̀nà wọn wá jìn sí dókítà.

Romanow kúrò nípò ní 2001. Chrétien, ẹni tí wọ́n jọ jókòó ní yàrá ìdáná, ti di olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà; ó yàn án láti ṣe ìwádìí lórí ètò ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá 2002 pẹ̀lú àbá 47. Ó kọ̀ kí a máa fi àpò aláìsàn díwọ̀n ìtọ́jú, ó sì ní kí ìjọba àpapọ̀ fi owó kún owó. Ẹni tí ó ti ti ilé ìwòsàn pa mọ ohun tí àìtó owó lè fà. Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ fara mọ́ fífi bílíọ̀nù 41 dọ́là kún owó ìlera fún ọdún mẹ́wàá.