Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíkọ ní Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ohun tí Ìtàn Fi Sílẹ̀ fún Daagbé

Ẹni tó bá ń bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní agbègbè Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, kò ní pẹ́ gbọ́ pé ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ìwé. Àwọn kan á fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni tiwa, pé ìwé kì í ṣe àṣà wa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìtàn kò gbe àlàyé yẹn lẹ́yìn. Ọmọ Daagbé kò kórìíra ìwé. Ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà fi ìwé lé e lọ́wọ́ ló sọ ìwé di nǹkan ìdánwò, a sì mọ ìgbà tí ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà tó pín ilẹ̀ àwọn Ànàgó sí méjì. Daagbé bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìdí-Ìrókò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti fi ètò ẹ̀kọ́ ìhà méjèèjì wé ara wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ni ìpìlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, èdè Yorùbá ti ní ìwé ìròyìn láti 1859 ní Abẹ́òkúta, ó ti ní odindi Bíbélì láti 1884, ọmọ sì lè fi èdè ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tó yá, Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ dé. Ẹni tó bá ka Aláwíyé tán, ìwé Fágúnwà ti ń dúró dè é láti 1938.

Ní ìhà tiwa, òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Faransé ṣe fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1924 là á mọ́lẹ̀ pé Faransé nìkan ni èdè ilé-ẹ̀kọ́, pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi èdè ìlú bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní sínbọ́ọ̀lù ti wá: wọ́n á fi nǹkan kan kọ́ ọmọ tó sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn, òun náà á sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa gbà á lọ́rùn rẹ̀. Kò tètè parẹ́. Ní ilé-ìwé tí èmi fúnra mi lọ, tí n kò ní dárúkọ, a ṣì ń sanwó ìtanràn nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo.

Kí a má purọ́ mọ́ àwọn ìwé ìgbà náà. Mamadou et Bineta, tí André Davesne kọ, fi orúkọ aláwọ̀ dúdú àti ìgbésí ayé abúlé sínú ìwé, àwọn àgbà ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí a bá dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo nìyẹn, ní èdè tí ọmọ kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ ló há a sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ti ìwé kíkọ, àdàkọ ni, àti díkítéè, tí olùkọ́ á ka àṣìṣe rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa ń ya mí lẹ́nu ni pé ní ọdún 1924 yẹn kan náà, ní Bar-sur-Loup, abúlé kan ní gúúsù Faransé, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Célestin Freinet gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan wọ kíláàsì rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́. Àwọn ọmọ ń sọ ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà àti nílé, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń to lẹ́tà rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn. Ìwé tí ọmọ ń kà níbẹ̀, òun tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Kì í ṣe pé ìjọba Faransé gbé Freinet gẹ̀gẹ̀ o. Kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ tí wàhálà fi lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Saint-Paul. Síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ rí ohun kan gbà tí òfin 1924 kò jẹ́ kó dé Daagbé: pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tó nǹkan tí a lè kọ sílẹ̀.

Ní 1975, ìjọba Kérékou gbé ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun kalẹ̀, wọ́n sì ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa. Èrò náà dára. Ìwé ìtàn tí ọmọ lè gbé lọ sílé ni kò tẹ̀ lé e. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó yẹ kó fi òbí tó ń bẹ̀rù sẹ̀tífíkéètì lọ́kàn balẹ̀.

Bẹ̀nẹ̀ náà ti tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ètò ELAN ti Àjọ Francophonie, ẹ̀kọ́ elédè méjì sì ti wọ àwọn kíláàsì kan. Ìṣòro tó kù ní Daagbé ni ti lẹ́tà. Álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɛ, ɔ, kp àti sh níbi tí Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ, p àti ṣ. Bí Ìjàpá bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá wá sí Ìgólò, Ìjàkpá ni yóò máa jẹ́. Mo mọ èrè álífábẹ́ẹ̀tì wa: ọmọ tó bá fi ka Yorùbá lè fi ka Ègùn, tí ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Yorùbá tí owó òbí ká, ti òdìkejì ibodè ló pọ̀ jù, bí a bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ni ọmọ yóò máa kà tó bá ti ka ìwé kíláàsì rẹ̀ tán?

Ní èrò tèmi, láti CE1 ni ó yẹ kí olùkọ́ ti lẹ páálí kan mọ́ ògiri, lẹ́tà mẹ́rin ní ìhà kan, mẹ́rin ní ìhà kejì. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àlọ́ kan wá láti ilé, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n rán an pọ̀, kí kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí nǹkan kà. Kí olùbẹ̀wò tó bá sì rí ẹ nínú ìwé ọmọ Daagbé má ṣe fi yẹẹrí pupa fa ìlà sí i lábẹ́.