Frank Porter Graham Child Development Institute

Frank Porter Graham Child Development Institute, tí a sábà máa ń pè ní FPG, jẹ́ ilé ìwádìí lórí ìdàgbàsókè ọmọdé lábẹ́ Yunifásítì North Carolina ní ìlú Chapel Hill, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun méjì ni a fi mọ̀ ọ́n jù: ìwádìí lórí àǹfààní tí ẹ̀kọ́ láti kékeré ń ṣe fún ọmọ tálákà, àti iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti gbé ìmọ̀ nípa ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ jáde kúrò ní yunifásítì, kí ó lè dé ọwọ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìtàn

Hal Robinson àti ìyàwó rẹ̀, Nancy Robinson, tí wọ́n ti jọ kọ ìwé lórí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ, ni wọ́n dá ilé náà sílẹ̀. Orúkọ Frank Porter Graham, tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì náà láti 1930 sí 1949, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1970, James Gallagher di olùdarí rẹ̀, ó sì wà nípò náà títí di 1987. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, nítorí náà ó mọ ọ̀nà ilé ìjọba bó ṣe mọ ti ilé ìwádìí.

Kí òfin ọdún 1975 tó dé, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé. Òfin náà fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 1986 mú ẹ̀tọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5, ó sì dá ètò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 3. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí ni ìṣòro mìíràn yọjú: ọmọ ti wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó gbà á kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ìwádìí Abecedarian

Ní 1972 ni ìwádìí yìí bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọwọ́ 111 láti ìdílé tálákà ni wọ́n fi kèké pín sí ọ̀nà méjì. Ọmọ 57 gba ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ iṣẹ́, jálẹ̀ ọdún, láti ìgbà tí wọn kò tíì lè rìn títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún 5. Àwọn 54 yòókù kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Eré kéékèèké láàárín àgbà àti ọmọ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìdá 23 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà ló ti gba oyè yunifásítì, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 6 péré láàárín àwọn yòókù. Ìwádìí tó jáde ní 2014 tún fi hàn pé ara wọn le ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, owó tí ètò náà gbà kì í ṣe kékeré, kò sì dájú pé ó dín ìwà ọ̀daràn kù.

Gbígbé ìmọ̀ dé kíláàsì

Ètò Partnerships for Inclusion, tí àwọn òṣìṣẹ́ FPG ṣe káàkiri ìpínlẹ̀ North Carolina, kò fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ṣe gbogbo iṣẹ́. Olùdámọ̀ràn ni ó ń lọ bá olùkọ́ ní kíláàsì rẹ̀. Àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n kan náà wo yàrá ẹ̀kọ́ náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi ohun tí wọ́n rí wéra, tí wọn á sì jọ yan ohun tó yẹ ní àtúnṣe. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọn á tún un wò. Pàtàkì ètò yìí ni pé olùkọ́ kì í ṣe ẹni tí a kàn ń bá wí: òun ló mọ àwọn ọmọ rẹ̀, àlejò ni ará yunifásítì jẹ́ níbẹ̀.

FPG tún kópa nínú àlàyé tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé méjì ní Amẹ́ríkà, DEC àti NAEYC, jọ gbé jáde ní 2009. Àlàyé náà sọ pé ohun mẹ́ta ni kíkọ́ gbogbo ọmọ papọ̀ gbà. Èkíní ni pé kí ọmọ lè dé ibi ẹ̀kọ́ àti ibi eré. Èkejì ni pé kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kópa: ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó kàn ń wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń fi iyanrìn ṣeré, wà nínú kíláàsì ni, kò tíì sí nínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá gbé iyanrìn náà sórí tábìlì tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀kẹta ni àtìlẹ́yìn fún olùkọ́ àti òbí, èyí tí àwọn aláṣẹ máa ń tètè gbàgbé nítorí pé owó ni.

Òṣùwọ̀n àti ohun èlò

Thelma Harms àti Richard Clifford, òṣìṣẹ́ FPG, ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ECERS, tó jáde ní 1980. Ó ń fún kíláàsì ní máàkì láti 1 dé 7, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n kíláàsì lè gba máàkì gíga kí ọmọ kan tó ní ìpèníjà ṣì dá jókòó sí ìgun. Èyí ni òṣùwọ̀n mìíràn, Inclusive Classroom Profile, ń wò. Elena Soukakou ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, FPG sì bá a dán an wò ní North Carolina.

Láti 2007 sí 2014, FPG ṣe olórí ibùdó orílẹ̀-èdè kan lórí ọ́tísìmù. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì tọ́ka sí ọ̀nà ìkọ́ni 27 tó ní ẹ̀rí tó dájú. Àtúnyẹ̀wò tó jáde ní 2020 sọ wọ́n di 28. Ẹ̀kọ́ lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ AFIRM, ọ̀fẹ́ sì ni fún olùkọ́ tàbí òbí.