Bọ́ọ̀lù Ọ̀fẹ́ Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: Ẹjọ́ Lakers àti Kings Tí Kò Tíì Parí

Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn rẹfirí mẹ́ta fọn fèrè ìkẹyìn ní Los Angeles, síbẹ̀ ní ìlú Sacramento, ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2002, Los Angeles Lakers fàgbà han Sacramento Kings nínú eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayò 106 sí 102. Ìpàdé kẹfà nínú méje nìyẹn, ní ìpele tí wọ́n ti ń wá ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn níbi àṣekágbá NBA ti Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò tẹ̀síwájú. Kings ti borí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ kan péré ló kù fún wọn.

Inú ti ń bí àwọn ará Sacramento kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ní ìpàdé kẹrin, Kings ti fi ayò 24 ṣíwájú rí kí Lakers tó lé wọn bá. Bí ìdajì àkọ́kọ́ ṣe ń parí, Samaki Walker ti Lakers ju bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé, wọ́n sì ka ayò mẹ́ta fún un. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé àkókò ti tán kí bọ́ọ̀lù náà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò gba rẹfirí láàyè láti wo àwòrán kí ó tó dájọ́. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Vlade Divac ti Kings gbá bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Robert Horry, ìyẹn sì jù ú wọlé bí aago ṣe ń dún. Ayò 100 sí 99. Ayò kan ni Lakers fi borí, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba mẹ́ta tí kò tọ́ sí wọn.

Ìpàdé kẹfà ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú eré yìí, bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣe fáòlù sí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò dúró nídìí ìlà kan, yóò sì ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ní ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ eré náà, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 13 ni Lakers rí jù. Ní ìdá kẹrin nìkan, wọ́n ju 27. Kings ju mẹ́sàn-án. Divac àti Scot Pollard, àwọn géńdé méjì tí Kings fi ń dí Shaquille O'Neal lọ́nà, ni fáòlù lé jáde kúrò nínú eré. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìgúnpá Kobe Bryant ba Mike Bibby nímú, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Rẹfirí kò ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí Bryant lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn olólùfẹ́ Lakers ní ẹjọ́ tiwọn, kò sì ṣeé gbé sọnù. Wọ́n ní ta ni ó lè dá O'Neal dúró láìṣe fáòlù? Ayò 41 ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti pé òun, tí gbogbo ayé ń fi bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ju 13 wọlé nínú 17. Ohun tí wọ́n sì máa ń fi kádìí ọ̀rọ̀ ni ìpàdé keje. Ilé Kings gan-an ni wọ́n ti gbá a, Lakers sì borí pẹ̀lú 112 sí 106 lẹ́yìn àfikún àkókò. Nínú bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 30 tí Kings jù, 14 ni wọ́n sọ nù. Nínú bọ́ọ̀lù aláyò mẹ́ta 20, méjì péré ló wọlé. Kò sí rẹfirí tó di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú nídìí ìlà yẹn.

Lakers gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ New Jersey Nets láìpàdánù ẹyọ kan. Ralph Nader, ẹni tó du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, kọ̀wé sí David Stern, ọ̀gá àgbà NBA, pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ àwọn rẹfirí náà wò. Ariwo náà ì bá ti lọ sílẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Tim Donaghy. Rẹfirí NBA ni, ó sì jẹ́bi lọ́dún 2007 nínú ọ̀ràn tẹ́tẹ́ títa lórí eré tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2008, agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ̀wé sílé ẹjọ́ pé àwọn rẹfirí méjì mọ̀ọ́mọ̀ ṣojúsàájú nínú ìpàdé kẹfà kan lọ́dún 2002 kí ìdíje náà lè dé ìpàdé keje. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ eré tó ń bá wí. Stern sọ pé irọ́ ni. Lawrence Pedowitz, agbẹjọ́rò tí NBA gbé iṣẹ́ ìwádìí fún, sọ lọ́dún 2008 kan náà pé òun kò rí ẹ̀rí tó ti ẹ̀sùn náà lẹ́yìn. Donaghy lọ sẹ́wọ̀n oṣù 15. Òun gan-an kò sì sí lára àwọn mẹ́ta tó darí eré ọjọ́ náà.

Ibí yìí ni àwọn olólùfẹ́ Kings ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 27 yẹn tó láti fi sọ pé iṣẹ́ àwọn rẹfirí kò dára. Kò tó láti fi sọ pé ẹnìkan rán wọn níṣẹ́. Ẹnu ẹni tó ti ta ọlá ara rẹ̀ fún tẹ́tẹ́ kọ́ ni a ti ń mú ẹ̀rí tí yóò kún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni NBA kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá, nítorí àjọ náà kì í gbé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹfirí síta fún aráyé nígbà náà. Ẹni tó bá ń dájọ́ nínú yàrá tó tilẹ̀kùn pa kò gbọ́dọ̀ bínú bí àwọn tó wà níta bá ń méfò.

Bọ́ọ̀lù Walker kò lọ lásán. Kí sáà tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀ ni NBA ti gba rẹfirí láàyè láti wo àwòrán bí bọ́ọ̀lù bá wọlé nígbà tí aago ń dún. Láti oṣù Kẹta, ọdún 2015, àjọ náà ń gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn àwọn eré tó bá le títí dé òpin, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìpinnu tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn nìkan ni ìròyìn náà ń yẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú 12 ni ìdá kẹrin.