Ọmọ Ayò Kì í Ṣe Àwòrán: Lórí Ìjà, Ojú Inú àti Ère Orí Tábìlì

Láti ìgbà tí eré ìtàn orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons ti jáde ní 1974 ni àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwọn tó ń ṣe é: bí ìjà bá dé, ṣé kí a tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, kí a to ère kéékèèké lé e, àbí kí olùdarí eré máa fẹnu ròyìn, kí oníkálùkù máa fojú inú wò ó? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú wa gbà láìjiyàn pé bí ère bá ti wọlé, ojú inú á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. N kò gbà. Ẹ̀rí tó takò wọ́n ń bẹ lábẹ́ igi ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó.

Ayò ọlọ́pọ́n ni mo ń wí. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nílé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Kò lójú, kò mú idà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ọpọ́n: wọ́n ń jẹ ọmọ, wọ́n ń kó odù, ìyẹn òkìtì ọmọ nínú ilé kan, jọ, ọ̀ta tó mọ ayò ta ń fi òpè tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé rẹ̀ ti dahoro.

Ìyàtọ̀ tó yẹ ká fi ọwọ́ mú ni èyí tó wà láàárín àwòrán àti àmì. Ère jagunjagun tí wọ́n kùn lọ́dà, tó ti na idà sókè, ti pinnu fún mi bí ọkùnrin náà ṣe ga tó, bí ojú rẹ̀ ṣe le tó, ọwọ́ tó fi ń jà. Àwòrán nìyẹn. Ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń ta dráfù kò sọ ju ibi tó jókòó sí lọ. Bó bá dé ìpẹ̀kun pátákó, wọ́n á gbé òmíràn lé e lórí, ó di ọba. Kò sẹ́ni tó ń wá adé lórí rẹ̀. Àmì nìyẹn. Ẹ wá wo odù. Ọmọ 4 nínú ilé, ojú rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá di 15 tí wọ́n gorí ara wọn, ojú ò kà á mọ́. Ọ̀ta ti gbọ́dọ̀ máa kà á sórí láti ìgbà tó ti ń jọ, kó mọ̀ pé 11 yóò yí ọpọ́n ká, pé a ó fo ilé tí a ti kó o, kí 4 tó kù tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jọ, ìrìn náà ti parí nínú rẹ̀.

Dungeons & Dragons pàápàá kò fìgbà kan dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ ère. Ìwé òfin rẹ̀ ti 1974 kọ ère sára èèpo, ó sì sọ nínú pé kì í ṣe dandan. Ní 2008, ẹ̀dà kẹrin ń fi igun mẹ́rin-mẹ́rin ka ìgbésẹ̀. Ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 tún dá a padà sí wíwù ẹni. Òpìtàn eré, Jon Peterson, ti tọpa ìran eré yìí dé eré ogun ilẹ̀ Prussia ti 1824, n kò sì bá a jà lórí ìyẹn.

Fágúnwà òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ọmọ Òkè-Igbó lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ifẹ̀, ló fún wa ní ẹ̀rí kejì. Nínú *Ògbójú Ọdẹ* (1938), ẹbọra tó ń jẹ́ Àgbákò ní ojú 16 yí orí ká, a sì ka ìjà òun àti ọdẹ Àkàrà-oògùn láìbéèrè ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín wọn. Nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ ní 1968, Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí i: àwòrán tí kò ka ohunkóhun. Ayò ní àmì láìní àwòrán. Ìwé yìí ní àwòrán láìní àmì. Ère orí igun mẹ́rin ló pa méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ àwọn aṣáájú wa lójú. Bóyá ojú inú máa ń rẹ̀ níbi tí àwòrán bá ti pọ̀ jù. Àmì ò jẹ̀bi rẹ̀ rárá. Mo tilẹ̀ rò pé ọwọ́ tí ayò ti kọ́ kò nílò ère kankan.

Ẹ gbé ọmọ ayò kan sórí tábìlì, kí ẹ pè é ní Àgbákò, kí ẹ wá bi àwọn tó jókòó yí i ká pé èwo nínú ojú 16 náà ló ń wò wọ́n.